Apá Ibi Tí Ògiri Ti Ń Gbọ́

Kóòṣì gbé àpótí onígi sẹ́yìn òpó góòlù, ó gorí rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rán àwọ̀n tó ya. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ kì í ṣe èyí tí wọ́n ń tà: igi pẹlẹbẹ kan ni, tó fi ọ̀bẹ gbẹ́ fúnra rẹ̀, tó sì wé okùn mọ́ lára. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ níṣẹ́ yìí. Apá ibi tí àwọ̀n náà ò tíì bàjẹ́ ló jókòó tì, tó ń fi ìka tọ ipa okùn, títí ó fi mọ bí kókó kan ṣe ń di èkejì mú. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe kọ́ iṣẹ́ kóòṣì. Kò gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ ńlá kankan rí, àmọ́ nǹkan tó bá ń ṣiṣẹ́ lójú rẹ̀, ọkàn rẹ̀ ò ní balẹ̀ títí yóò fi mọ ohun tó ń gbé e ṣiṣẹ́.

Àwọ̀n yìí kò ṣàdédé ya. Nínú ìdíje tí àwọn ọmọbìnrin kọ́lẹ́ẹ̀jì tí Kóòṣì ń kọ́ gbá kẹ́yìn, bọ́ọ̀lù kan fò wá láti òkèèrè. Aṣọ́lé wọn, ọmọ gígùn tí wọ́n ń pè ní Àgùnfọn, ké pé, "Tèmi ni!" Àwọn tó jókòó sábẹ́ igi lẹ́yìn pápá gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n Ògiri, tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn lápá ọ̀tún, kò yà. Àwọn méjèèjì forí gbárí, tàwọn ti bọ́ọ̀lù wọnú àwọ̀n lọ, àwọ̀n fàya, góòlù sì wọlé. Góòlù yẹn ni wọ́n fi nà wọ́n. Kì í sì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Ògiri, torí pé kò sẹ́ni tó ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Lọ́jọ́ náà, orúkọ di èébú nínú yàrá tí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ.

"Wọ́n ní ògiri létí," ni Àgùnfọn wí, tó ń fi omi dídì tẹ iwájú orí rẹ̀ tó wú. "Tiwa yìí, àfi ká lọ yá etí fún un! Kóòṣì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yan ọ̀kan nínú àwa méjèèjì."

Ògiri ń tú okùn bàtà rẹ̀ bí ẹni pé òun kọ́ ni wọ́n ń bá wí.

Kóòṣì ti yan. Ìdíje kan ló kù, lóṣù tó ń bọ̀, pẹ̀lú kọ́lẹ́ẹ̀jì òdìkejì odò. Bí wọ́n bá nà wọ́n níbẹ̀, ẹgbẹ́ náà yóò já sí ìpele ìsàlẹ̀. Àwọ̀n yìí ló fi ṣe àwáwí láti pe Ògiri wá, kó lè rọra sọ fún un pé kò ní gbá a. Ọmọ tó jẹ́ pé orí pápá nìkan ni wọ́n ti ń rí eyín rẹ̀! Ọ̀rọ̀ náà wúwo lẹ́nu ju òkúta lọ.

Ògiri di àwọ̀n mú, ó ń fi imú kọrin. Kóòṣì wà lápá òsì rẹ̀.

"Ọmọ mi," ló fi ohùn jẹ́jẹ́ wí, "mi ò ní lè fi ọ́ sínú àwọn tó máa gbá ìdíje tó kù yìí."

Ògiri ń kọrin rẹ̀ lọ.

Kóòṣì tẹjú mọ́ ọn. Ṣé ìgbéraga ọmọ yìí ti wá tó báyìí ni? Ó fẹ́ sọ̀rọ̀ líle, àfi bí abẹ́rẹ́ onígi ṣe bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tó sì fò lọ sápá ọ̀tún ọmọ náà. Ó lọ bẹ̀rẹ̀ mú un. "Fà á le díẹ̀," ló wí níbẹ̀, wúyẹ́wúyẹ́, bí ẹni ń dá sọ̀rọ̀.

Ògiri fà á le lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Kóòṣì dúró. Ẹni tó bá fara balẹ̀ pa èèrà ni yóò rí ìfun rẹ̀. Ó rọra padà sápá òsì.

"Ejò wà lẹ́sẹ̀ rẹ o."

Orin ń lọ.

Ó yí sápá ọ̀tún. "Ejò wà lẹ́sẹ̀ rẹ o."

Ògiri fò sókè, ó kó sínú àwọ̀n bí ẹja, ó ń fi ẹsẹ̀ gbá afẹ́fẹ́. "Yéè! Ó dà? Kóòṣì, ó dà?"

Kóòṣì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, àmọ́ nígbà tó fi tú u sílẹ̀ tán, ẹ̀rín ti tán. "Etí òsì yìí, láti ìgbà wo?"

Ọmọ náà wolẹ̀. "Láti ìgbà àìsàn ọdún tó kọjá, mà. Ẹ má lé mi, ẹ jọ̀ọ́ mà. Ẹnu èèyàn ni mo máa ń wò. Ẹni tó bá wà lẹ́yìn mi nìkan ni mi ò lè rí ẹnu rẹ̀."

"Ta ló fẹ́ lé ọ?" ni Kóòṣì wí. Ọ̀rọ̀ tó ti sọ sí etí òsì, ibẹ̀ ló fi í sí. Kò tún un sọ mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n jọ lọ rí dókítà. Dókítà fi iná wo etí méjèèjì, ó sì fi ẹ̀rọ dán wọn wò. Ó ní ti òsì ti lọ, kò ní padà, àmọ́ ti ọ̀tún dá ṣáká, kò sì sí ohun tó ní kó má gbá bọ́ọ̀lù.

Nírọ̀lẹ́, Kóòṣì to ìdérí ìgò mọ́kànlá sórí tábìlì oúnjẹ, ó ń sún wọn síwá sẹ́yìn. Ọkọ rẹ̀, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ títún rédíò ṣe, gbé àwo ọbẹ̀ dúró, kò ríbi gbé e kalẹ̀.

"Ìyá wọn, ṣé orí pápá la ó ti jẹun lónìí ni?"

Ó ro ọ̀rọ̀ etí náà fún un. Ọkùnrin náà wo àwọn ìdérí náà.

"Rédíò tí sípíkà rẹ̀ kan bá kú, a kì í jù ú nù," ló wí. "Èmi á kàn yí i padà ni, kí èyí tó kú kọjú sí igun ilé, kí èyí tó dáa kọjú sí àwọn èèyàn."

Kóòṣì mú ìdérí tó fi ṣe Ògiri láti apá ọ̀tún, ó gbé e kọjá sí apá òsì. Ta ló wà lápá òsì rẹ̀ níbẹ̀? Ìlà funfun àti koríko. Àwọn tó kù, títí kan aṣọ́lé, gbogbo wọn bọ́ sápá etí tó ń gbọ́. Àṣé láti ọjọ́ yìí, etí tó kú ni gbogbo ẹgbẹ́ ń pariwo sí! Ó fò mọ́ ọkọ rẹ̀, ọbẹ̀ sì dà sórí pápá.

Ògiri fúnra rẹ̀ ló sọ ọ̀rọ̀ etí náà fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú yàrá tí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ilẹ̀ ni Àgùnfọn ń wò. Kóòṣì wá ṣàlàyé pé apá òsì ni Ògiri yóò ti máa gbá báyìí.

"Tá a bá wá yí ilé padà ní ìlàjì kejì ńkọ́?" ni ẹnì kan bi.

"Etí rẹ̀ á bá a yí," ni Kóòṣì dáhùn. "Àbí ṣé ó máa gbàgbé ẹ̀ sọ́hùn-ún ni?"

Yàrá bú sẹ́rìn-ín.

"Tí mo bá wá kọjú sí ilé tiwa, mà?" ni Ògiri bi.

"Nígbà yẹn, wàá máa rí ẹnu Àgùnfọn. Ẹnu yẹn ò sì kéré."

Àgùnfọn náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ṣùgbọ́n kò bá Ògiri sọ̀rọ̀. Ìtìjú ò jẹ́.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀, torí ẹsẹ̀ ọ̀tún ni Ògiri ń lò. Lójoojúmọ́, Kóòṣì ń mú un lọ sẹ́yìn ilé ìdáná kọ́lẹ́ẹ̀jì, ó fi ẹfun ya òbíríkítí sára ilé, ó ní ẹsẹ̀ òsì nìkan ni kó máa fi gbá bọ́ọ̀lù sí i. Kó yí ìbàdí, ó ní, torí ìbàdí ló ń gbá bọ́ọ̀lù, ẹsẹ̀ kàn ń jíṣẹ́ ni.

Alásè yọrí lójú fèrèsé. "Ṣé ẹ fẹ́ wó ilé lé ìkòkò mi lórí ni?"

"Ẹ fara dà á fún wa, mà. Ògiri ló ń bá ògiri jà."

Ọjọ́ ìdíje pé. Bí wọ́n bá gbá ọ̀mì, ó ti tó wọn. Góòlù tí àwọn ará òdìkejì odò kọ́kọ́ jẹ lọ bá ibi tí Kóòṣì rán gan-an nínú àwọ̀n. Ó dùn ún, àmọ́ ó kíyè sí i pé kókó kankan ò tú. Àwọn ọmọ rẹ̀ san án padà. Nígbà tó kù díẹ̀ kí rẹfirí fọn fèrè ìkẹyìn, bọ́ọ̀lù gíga kan gbéra láti òkèèrè, ó jọ ti ọjọ́sí bí ìbejì. Ògiri ń fẹ̀yìn rìn, ojú rẹ̀ wà lókè, ó ti fẹ́ fò.

"Tèmi ni!"

Ògiri gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bọ́ọ̀lù gba orí rẹ̀ kọjá, ó bọ́ sọ́wọ́ Àgùnfọn, pẹ́kẹ́. Fèrè dún.

Bí àwọn yòókù ṣe ń fò, Kóòṣì lọ sẹ́yìn òpó láti tú àwọ̀n rẹ̀, kí ìrì má bàa jẹ ẹ́. Ibẹ̀ ló ti rí Àgùnfọn tó ń sáré bọ̀ lápá òsì Ògiri, tó ti la ẹnu láti pè é. Ló bá dúró. Ó pa ẹnu dé, ó gba ẹ̀yìn Ògiri yí po, ó bọ́ sápá ọ̀tún, ó sì tẹ ọrùn rẹ̀ gígùn ba.

Ohun tó sọ kò dé ọ̀dọ̀ Kóòṣì. Ó kàn rí i tí eyín Ògiri yọ funfun, tí Àgùnfọn sì gbé bọ́ọ̀lù náà lé e lọ́wọ́.