Gáàsì Ọjọ́ Kẹjọ

Sípánà ti wà lẹ́nu páìpù nígbà tí Alzira fi ọwọ́ méjèèjì bo mítà.

"Màmá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yẹra. Iṣẹ́ ni wọ́n rán mi."

"Ta ló ní kí o má jẹ́ iṣẹ́ rẹ? Kọ́kọ́ fi ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ní kí o wá tì hàn mí ná."

Dércio, òṣìṣẹ́ àwọn tó ń ta gáàsì, wo yíká. Sítóòfù olójú méjì, àga mẹ́rin, aṣọ dúdú lórí okùn. Kò rí nǹkan mìíràn.

"Ìwé ló sọ bẹ́ẹ̀, Màmá. Gáàsì tí ẹ sun lóṣù tó kọjá ju ti ilé búrẹ́dì lọ. Wọ́n ti kọ yín mọ́ àwọn oníléeṣẹ́. Ẹ san owó tiwọn, tàbí kí n tì í."

Abẹ́ ilẹ̀ wọn níbẹ̀ ni gáàsì ti ń wá, owó tí ilé ń san ní ìlú Vilankulo kò sì pọ̀. Ti ilé-iṣẹ́ jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta. Opó kò lè rù ú.

"Ọkọ mi ló kú," Alzira wí. "Òjò ò dá títí di ọjọ́ kẹjọ. Igi gbogbo àdúgbò tutù. Gbogbo obìnrin òpópónà yìí ló gbé ìkòkò wá síbí láti se oúnjẹ ọ̀fọ̀."

"Ẹ kú ìrọ́jú, Màmá. Àmọ́ ọ́fíìsì ò ní gbọ́ ìyẹn."

Ó yí sípánà. Iná kú lábẹ́ ìkòkò ìrẹsì.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Joaquina, aládùúgbò rẹ̀, kó obìnrin mẹ́rin lẹ́yìn wá. Owó wà ní ìdì etí aṣọ rẹ̀.

"Gbà. A jọ se é ni, a ó jọ san án."

Owó náà tó. Alzira na ọwọ́, ó sì fà á padà.

"Ẹ gbé e lọ."

"Olórí kunkun! Ṣé owó wa ń rùn ni?"

"Tí mo bá gbà á, a jẹ́ pé mo ta gáàsì fún yín. Òótọ́ ni ìwé wọn sọ nìyẹn. Mi ò lè ṣòwò nínú ọ̀fọ̀ ọkọ mi."

Joaquina tún owó dì. "Ó dáa. Igi ń bẹ níta. Ìwọ fúnra rẹ ni o máa là á."

"Mo ti ń la igi kí wọ́n tó gbé páìpù dé."

Ó la igi. Láràárọ̀, bí wọ́n bá ti ṣílẹ̀kùn ọ́fíìsì, á jókòó sórí bẹ́ǹṣì nínú aṣọ dúdú, á ní ọ̀gá lòun fẹ́ rí. Lọ́sẹ̀ kìíní, ọ̀gá rìnrìn àjò. Lọ́sẹ̀ kejì, ọ̀gá wà ní ìpàdé. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, ọlọ́dẹ ti ń bá a di àyè rẹ̀ mú.

Ní ọjọ́ kọkàndínlógún, ọ̀gá jáde fúnra rẹ̀. Massingue ni orúkọ rẹ̀.

"Màmá, kí lẹ ń fẹ́ gan-an? Ẹ̀dínwó?"

"Rárá. Gbogbo ohun tí a sun ni màá san, ní iye owó ilé. Ẹ wá wo ilé náà."

Ó wá. Ó wo sítóòfù. Ó pe Joaquina ní ilé kejì láti orí ọgbà.

"Ìyá, ṣé ẹ̀yin náà se oúnjẹ níbí?"

"Ìkòkò òkèlè ṣíma méjì."

"Èló lẹ san fún un?"

Joaquina pàtẹ́wọ́. "Èló? Ọ̀gá, níbo ni wọ́n ti bí yín? Ṣé wọ́n máa ń ta iná fún ẹni tó wá bá wọn ṣọ̀fọ̀ nílé yín ni? Mo tiẹ̀ gbé owó wá lẹ́yìn náà, ó lé mi bí adìẹ!"

"Ìlú Massinga ni wọ́n bí mi sí."

"Massinga ò jìnnà tó bẹ́ẹ̀."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, kò fẹ́ kí wọ́n rí i. Ó mú bírò, ó fa ìlà la orúkọ Alzira kọjá nínú ìwé àwọn oníléeṣẹ́.

Dércio ṣí páìpù padà lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Alzira fi san owó oṣù náà tán, ní iye ti ilé. Lẹ́yìn ilé rẹ̀, igi tó lè dáná ọjọ́ mẹ́ta ló kù.