Mahjub Ará Ibo?

Rédíò ló sọ ọ́ láàárọ̀ pé Mahjub olórin ti kú ní Marakéṣì. Kò sọ Mahjub ará ibo.

Olórin mẹ́ta ló ń jẹ́ orúkọ yẹn. Ìlú wọn la fi ń dá wọn mọ̀: Mahjub ará Tarudanti, Mahjub ará Demnati, àti Mahjub ará Safi, tí í ṣe àbúrò Lala Tamu. Èyí tó kẹ́yìn yìí nìkan ló ń gbé Marakéṣì. Nígbà tó gbé àwo orin jáde níbẹ̀, ó ní kí wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ará Marakéṣì ni òun. Lala Tamu ránṣẹ́ sí i láti Safi.

"Ibi tí a sin bàbá wa sí lo ń tijú. Má wá síbẹ̀ mọ́."

Kò sì wá mọ́. Ó ti pẹ́.

Bí Lala Tamu ti gbọ́ rédíò, ó da omi sí iná. Ilé ọ̀fọ̀ kì í dáná. Ó jókòó lórí ẹní, ó kọjú sí ògiri. Kò sunkún. Oòrùn ò tíì mú tí àwọn aládùúgbò ti ń gbé oúnjẹ kuskusi ẹlẹ́ran wọlé, tí àwọn àáfà sì ti jókòó sí àgbàlá, tí wọ́n ń ké Kùránì.

Rahma, aládùúgbò rẹ̀, gbé abọ́ sí iwájú rẹ̀. "Ẹ fi nǹkan kan ẹnu, Lala."

"Èmi ni mo ní kó má wá."

"Inú ló bí yín."

"Láti kékeré ni kì í gbọ́ràn sí mi lẹ́nu, Rahma. Èyí nìkan ló gbọ́."

Lọ́sàn-án, Busheta onítíì já wọlé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nìkan ló ní tẹlifóònù ládùúgbò.

"Lala! Mo ti bá wọn sọ̀rọ̀ ní Marakéṣì. Ará Demnati ló kú! Orin ìgbéyàwó ló wá kọ níbẹ̀. Tiyín wà láàyè, wọ́n ní ó wà lára àwọn tó ń gbé òkú."

Obìnrin kan fẹ́ fi ayọ̀ pariwo. Rahma gbá a lọ́wọ́. Ìgbà yẹn ni Lala Tamu tó sunkún.

Nígbà tó nu ojú tán, Rahma ń wo àwọn abọ́. "Báwo la ṣe máa ṣe é? A kì í gbé oúnjẹ ọ̀fọ̀ padà sílé. Wọn kì í sì í jẹ ẹ́ nílé tí kò sí òkú."

"Ẹ ò sáà ní dà á nù," Busheta ní. Ẹran ló tẹjú mọ́.

"Ọmọ èèyàn kan ló kú náà," Lala Tamu ní. "Demnati jìnnà. Ẹ jẹ́ ká bá wọn ṣe é níbí. Ẹ̀yin àáfà, ẹ máa bá àdúrà lọ. Mahjub ará Demnati ni kẹ́ ẹ máa pè nínú rẹ̀."

Ó padà sórí ẹní, ó jókòó bí ẹ̀gbọ́n òkú.

Nírọ̀lẹ́, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn.

"Ta ni?"

"Mahjub."

Lala Tamu dìde, ó gbá irin ilẹ̀kùn mú, kò ṣí i.

"Mahjub ará ibo?"

"Ará Safi, ẹ̀gbọ́n mi. Ibi ìsìnkú ni mo ti ń bọ̀. Wọ́n ní ẹ ti ń ṣọ̀fọ̀ mi."

Ó ṣílẹ̀kùn. Irùngbọ̀n ọkùnrin náà ti funfun. Erùpẹ̀ sàréè wà létí ẹ̀wù rẹ̀. Lala Tamu ò dì mọ́ ọn. Ó gbé omi wá, ó fọ ọwọ́ rẹ̀ fún un bí ẹni ń fọ ọwọ́ ọmọdé, ó sì gbé abọ́ sí iwájú rẹ̀.

Mahjub tọ́ ọ wò. "Iyọ̀ rẹ̀ kéré."

"Òkú wo ló ń ṣàròyé oúnjẹ?" Rahma ní.

Lala Tamu já ẹran tó tóbi jù, ó fi sí ọ̀dọ̀ àbúrò rẹ̀.

"Jẹ ẹ́. Torí tìrẹ ni wọ́n ṣe sè é."