Fìlà Tó Bá Orí Mu Jù

Ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì ṣí fìlà lórí ọmọ-ọmọ Aránfìlà ni ọmọbìnrin rẹ̀ ti panu mọ́ sí i.

Aránfìlà ló rán fìlà ọ̀hún. Nígbà tó rí i pé orí ọmọ-ọmọ òun gùn sẹ́yìn, tó sì rí pẹlẹbẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́, àyà rẹ̀ já. Kò sọ fẹ́nì kan. Ìwé tó kà kò tó nǹkan. Ta ni kó lọ bi? Ohun tí ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ ló ṣe. Ó fi òwú há ẹ̀gbẹ́ fìlà, ó ká ẹ̀yìn rẹ̀ wọlé, orí ọmọ wá rí roboto lójú aráyé. Bó ṣe ń ṣe é fún oníbàárà tórí rẹ̀ bá wọ́ nìyẹn. Oṣù mẹ́rin ló fi ń rán an bẹ́ẹ̀.

"Ta ló rán èyí?" Lọ́jọ́ náà nílé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì ń fọwọ́ wá àwùjẹ lórí ọmọ, kò rí i.

"Èmi ni."

"Ẹ mọṣẹ́ o, bàbá. Ẹ mọ̀ ọ́n jù. Ẹ fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ẹ ń pa làpálàpá."

Láti ọjọ́ náà, ọmọbìnrin rẹ̀ kò jẹ́ kó gbé ọmọ mọ́.

Lónìí, wọ́n ti gbé ọmọ wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Kí wọ́n tó gbé e wọlé, dókítà ti ṣàlàyé pé egungun orí ọmọ kì í ṣe ẹyọ kan; ó ní ojú ìsopọ̀ tó ń fàyè sílẹ̀ bí ọpọlọ ṣe ń dàgbà. Ti òkè orí ọmọ yìí ti dì kó tó tásìkò. Wọ́n máa là á.

"Bíi... bíi kéèyàn tú ojú rírán?"

"Bẹ́ẹ̀ gan-an ni, bàbá."

Aránfìlà ń wo ọwọ́ dókítà bóyá ó ń gbọ̀n. Aṣọ tó bá ya lọ́wọ́ òun, ọjà ní òmíràn. Orí ńkọ́?

Ó jókòó sí ìkángun bẹ́ǹṣì, ọmọbìnrin rẹ̀ wà ní ìkángun kejì. Tẹ́lẹ̀, bó bá ń rán aṣọ, ọmọ á sùn lé e lẹ́sẹ̀, orí rẹ̀ á wà ní àtẹ́lẹwọ́ òsì rẹ̀, á máa fi ọ̀tún yí ẹ̀rọ. Àtẹ́lẹwọ́ náà kò tíì gbàgbé bí orí ọ̀hún ṣe wúwo tó. Ó là á sílẹ̀ lórí itan, òfìfo.

Nọ́ọ̀sì ń kọjá, ó bá a tó tẹjú mọ́ ilẹ̀kùn yàrá náà. "Bàbá, ẹ fara balẹ̀. Bó bá jẹ́ pé wíwò ló ń ṣílẹ̀kùn, èyí ì bá ti wó."

Ẹ̀rín fẹ́ pa ọmọbìnrin rẹ̀. Ó yíjú sí ògiri.

"Mo rí i," Aránfìlà sọ lójijì. "Láti ọ̀sẹ̀ kejì. Mo rò pé... wọn á máa fi ọmọ náà ṣẹ̀sín. Ẹ̀rù ló bà mí."

Ọmọbìnrin rẹ̀ yíjú padà sí i.

"Bàbá mi, èmi náà rí i. Kí lẹ rò pé ó mú mi máa gbé e wá bá yín fún fìlà?"

Níkẹyìn, ilẹ̀kùn ṣí, dókítà jáde. Ọmọ wà láàyè. Ẹnì kan péré ló lè wọlé lẹ́ẹ̀kan. Ìyá rẹ̀ wọlé, ó jáde, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Ó ń mí dáadáa. Ẹ lọ wò ó. Ẹsẹ̀ nìkan ni kẹ́ ẹ fọwọ́ kàn o."

Aránfìlà wọlé. Ó fi ìka méjì mú ẹsẹ̀ ọmọ. Ó wá tẹ́ ọwọ́ òsì rẹ̀ sórí ibùsùn, ní ẹ̀gbẹ́ orí tí wọ́n fi báńdéèjì wé, kò kàn án, ó kàn là á sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.