Ilé Ọlọ́sàn, Ẹnu Ọ̀nà Méjì

3.

…ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wọ bàtà gogoro. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́ wá sí Chongqing, ọwọ́ ló máa fi gbé e relé.

IBI TÍ Ẹ Ó SÙN. Ọ̀dọ̀ wa ni. Ilé Ọlọ́sàn, àjà kẹtàlá, yàrá méjì. Fèrèsé kan kọjú sí odò. Ìkejì kọjú sí ìyá arúgbó kan tó máa ń sá ẹ̀fọ́ sórí okùn. Ó máa kí yín. Ẹ dá a lóhùn, tí ẹ ò bá dá a lóhùn ó máa bínú. Kò sí lífíìtì, ẹ má wulẹ̀ wá a.

*Bí ẹ bá fẹ́ ta ayò, ẹ kan ilẹ̀kùn kejì.*

(Luo Suqin ló kọ gbogbo èyí, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn fún àwọn àlejò tó ń háyà yàrá lọ́wọ́ rẹ̀. Ìlà tó kẹ́yìn yẹn, ọkọ rẹ̀, Tan Dewei, ló fi bírò pupa kọ ọ́. Kò sẹ́ni tó rán an níṣẹ́.)


1.

Mo mọ̀ pé oókan ló ń ṣáájú ẹẹ́ta. Bí àwọn ìwé yìí ṣe bọ́ sí mi lọ́wọ́ ni mo ṣe ń tò wọ́n. Ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn, kó wá tò ó fúnra rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kò gùn. Suqin bí ọmọ kan ṣoṣo, Yuhe. Yuhe rí ọkọ, Boyan, ọmọ Suzhou, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́ pẹrẹsẹ, tí wọ́n sì ń fi ṣúgà se ẹran. Àwọn méjèèjì fẹ́ máa gbé ní Chongqing. Ìyá Boyan, Gu Wanzhen, ní òun kò tíì sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, òun kò sì tíì sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó ní òun máa kọ́kọ́ wá fojú ara òun rí ibi tí ọmọ òun fẹ́ dúró sí. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, Boyan máa padà sí Suzhou, Yuhe á sì tẹ̀lé e.

Suqin kò fẹ́ kí Yuhe lọ. Gbogbo ẹ̀ náà nìyẹn.


4.

ÌDÍLÉ TAN (ẹni mẹ́ta, lórí fóònù)

YUHE: Màmá, wọ́n ti wọ ọkọ̀ ojú irin o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè wọ́n ní àna. Wọn ò tíì gbà.

SUQIN: Kí ni kí n wá máa pè wọ́n? Ọ̀gá?

YUHE: Màmá Boyan.

DEWEI: Ṣé wọ́n mọ ayò ta?

YUHE: Bàbá!

SUQIN: Má dá a lóhùn.


5.

(Ẹ̀yìn páálí mílíìkì. Ìwé Suqin.)

Ọjọ́ kìíní: kí wọ́n sinmi. Ẹja. Ata DÍẸ̀.

Ọjọ́ kejì: ká gba ọkọ̀ orí wáyà sọdá odò. Ilé tíì. Ìkòkò ata lọ́dọ̀ Pu.

Ọjọ́ kẹta: ijó ní gbàgede. Lẹ́yìn ijó, Ọ̀RỌ̀.

Bàbá Yuhe: bí wọ́n bá dárúkọ àtẹ̀gùn, yí ọ̀rọ̀ padà.


6.

Kò sí ẹẹ́fà. Dewei fi nu tábìlì.


7.

(Lórí fóònù, lọ́sàn-án ọjọ́ kìíní. Yuhe àti Boyan wà níbi iṣẹ́.)

GU: Mo ti débí o, Màmá Yuhe.

SUQIN: Ẹ káàbọ̀ o! Èmi náà ti wà níta, mò ń retí yín. Níbo lẹ wà?

GU: Ẹnu ọ̀nà ilé yín ni. Onítakisí ti lọ. Máàpù ní mo ti débi tí mò ń lọ.

SUQIN: Lórí tèmi náà, ibi tí mo dúró sí gan-an lẹ wà.

GU: Mi ò rí yín.

SUQIN: Ẹ nawọ́ sókè.

GU: Mo ti nà án.

SUQIN: Èmi náà ti nà án.

(Obìnrin méjì nawọ́ sókè.)

GU: Kí lẹ̀ ń rí níwájú yín?

SUQIN: Bàbá kan tó ń ta ọsàn. Ẹ̀yin ńkọ́?

GU: Omi.

SUQIN: Omi bíi ti báwo?

GU: Odò ni, Màmá Yuhe. Odò ńlá.

SUQIN: Yéè! Mo gbé!


8.

Ilé Ọlọ́sàn fẹ̀yìn ti òkè. Ẹnu ọ̀nà kan wà létí odò, ní àjà kìíní. Èkejì wà ní títì òkè, ní àjà kọkànlá, níbi tí takisí ti ń dúró. Ilẹ̀ nìyí, ilẹ̀ nìyẹn. Èyí ò ṣe tuntun lójú ọmọ Chongqing kankan, ṣùgbọ́n máàpù kò mọ òkè, kò mọ ìsàlẹ̀. Àmì pupa kan ṣoṣo ló ń fi síbẹ̀, ó parí.

Gbogbo àlejò ni Suqin máa ń kìlọ̀ fún: ẹ sọ fún onítakisí pé títì òkè. Ọmọ Beijing, ó sọ fún un. Àwọn oyìnbó méjì tí kò gbọ́ èdè, ó yàwòrán fún wọn. Gu Wanzhen nìkan ni kò sọ fún. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi ń fọ ilé de obìnrin yìí, tó ń ra bẹ́ẹ̀dì-ṣíìtì, tó ń bá a sọ̀rọ̀ nínú ara rẹ̀ bó ṣe ń fọ abọ́. Nígbà tó fi máa dé, Suqin kò kà á sí àlejò mọ́. Ta ló ń júwe ilé fún ará ilé?

“Ẹ dúró síbẹ̀ o! Bàbá Yuhe ń bọ̀ wá gbé ẹrù!”

Gu Wanzhen kò dúró. Ó ti fa báàgì rẹ̀ wọlé, ó ti ń gun àtẹ̀gùn. Suqin sáré sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú sílípáàsì, Dewei ń mí lẹ́yìn rẹ̀. Àárín ilé ni wọ́n ti pàdé, níbi tí ẹnì kan sá sọ́séèjì sí. Gu Wanzhen jókòó lórí báàgì rẹ̀, irun tó ti ṣe lóge ti lẹ̀ mọ́ iwájú orí rẹ̀.

Ó wo òkè. Ó wo ìsàlẹ̀.

“Ṣé ibí lọmọ mi fẹ́ máa gbé?”

Ojú ti Suqin débi tó fi ń gbọ́ ẹ̀jẹ̀ nínú etí ara rẹ̀.


9.

Dewei yí ọ̀rọ̀ padà. Ó bi wọ́n bóyá wọ́n mọ ayò ta.


11.

IBI TÍ Ẹ Ó JẸUN. Láàárọ̀, núdù aláta lọ́dọ̀ ìyá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù agẹrun. Kò ní tábìlì. Ẹ jókòó sórí àpótí, ẹ gbé abọ́ lé orí àpótí kejì, ẹ má ṣe ṣakọ. Lọ́sàn-án, ohunkóhun tí ẹ bá rí tí èrò pọ̀ níbẹ̀. Nírọ̀lẹ́, ìkòkò ata, ọbẹ̀ tó ń hó lórí tábìlì tí ẹ ó máa ti ẹran bọ̀ fúnra yín, lọ́dọ̀ Pu, nínú ihò àpáta tí wọ́n gbẹ́ nígbà ogun. Ó tutù níbẹ̀ láìsí fáànù. Ẹ má jẹ́ kí n gbọ́ pé ẹ ní kó gbé ìkòkò alápá méjì wá, funfun níhìn-ín, pupa lọ́hùn-ún. Ọmọ ọwọ́ àti aláìsàn ló ni ìyẹn.

*Òótọ́ ni. — Dewei*


10.

(Lọ́dọ̀ Pu, ọjọ́ kejì. Àwọn mẹ́ta: Suqin, Dewei, Gu Wanzhen.)

SUQIN: Pu, gbé alápá méjì wá.

PU: Ta ló ń ṣàìsàn?

SUQIN: Mo ní gbé e wá.

PU: Ìwọ! Luo Suqin! Ìwọ tó pa ọmọ Beijing lẹ́kún níbí pé ó bèèrè omi! Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ wá wo nǹkan!

GU: Ṣé nítorí tèmi ni?

SUQIN: Rárá o. Inú ló ń run mí.

DEWEI: Inú ta?

(Wọ́n ta ẹnì kan nípàá lábẹ́ tábìlì. Ẹni náà ń fọwọ́ ra ojúgun.)

Wọ́n gbé ìkòkò dé. Gu Wanzhen rọra ń jẹ nínú funfun: olú, ẹ̀wà sóyà, ewé. Kò sọ pé ó dùn. Kò sọ pé kò dùn. Suqin ń wo ẹnu rẹ̀ bí ẹni ń wo èsì ìdánwò. Lójijì, obìnrin náà na igi ìjẹun rẹ̀ kọjá ààlà, ó ti ṣàkì bọ inú pupa, ó mì í lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, ó sì jù ú sẹ́nu.

“Màmá Boyan!”

Ó jẹ ẹ́. Ó gbé e mì. Ojú rẹ̀ pọ́n, imú rẹ̀ ń ṣe omi, omijé ń bọ́ tótó sórí tábìlì. Pu fúnra rẹ̀ sáré gbé omi ẹ̀wà sóyà dé, ẹnu rẹ̀ kò lè ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Gu Wanzhen mu díẹ̀. Ó tún ti ṣàkì mìíràn bọ inú pupa.

“Ohun tí Boyan ń jẹ níbí nìyí?”

“Ó ń jẹ ẹ́ gan-an ni,” ni Dewei wí. “Ó ju tèmi lọ.”

“Bàbá rẹ̀ kú nígbà tó wà ní kíláàsì kẹrin. Láti ìgbà náà, èmi àti ẹ̀ la jọ ń jẹun.” Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. “Mo mọ ẹran olóṣúgà sè. Bó bá dúró síbí, ta ni mo máa máa sè é fún?”

Suqin ti múra ìdáhùn púpọ̀ sílẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀tọ̀ lohun tó jáde.

“Ẹyọ kan lèmi náà ní,” ló sọ.

Wọ́n wo Dewei, àwọn méjèèjì. Kò rí ibi tó lè yí ọ̀rọ̀ sí.


12.

(Ohùn tí Gu Wanzhen fi ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀ ní Suzhou.)

“Àbúrò, ìlú yìí kò nílẹ̀. Wọ́n ní kí n wá wo ọkọ̀ ojú irin, inú ilé onílé ló gbà kọjá, kò sì sẹ́ni tó yà lẹ́nu. Wọ́n gbé mi sínú àpótí kan lórí wáyà, mo di ìyá Yuhe mú, mo rò pé irin ni. Ó ń rẹ́rìn-ín jù. Ó parọ́ pé inú ń run òun kí ojú má bàa tì mí. Yàrá náà mọ́, ó mọ́ jù, mo rí i pé ó ti fi búrọ́ọ̀ṣì fọ igun fèrèsé. Orúnkún ń ro mí. Wọ́n bi mí lẹ́ẹ̀marùn-ún bóyá mo mọ ayò ta. Mi ò mọ ohun tí n ó sọ, Àbúrò. Mi ò tíì mọ̀ ọ́n.”


13.

IBI TÍ Ẹ Ó ṢERÉ LỌ. Gbàgede, nígbà tí oòrùn bá ti rọlẹ̀. Àwọn obìnrin ń jó níbẹ̀. Ẹ má dúró wòran, wọ́n máa fà yín wọlé.

*Wọ́n fà mí lọ́dún tó kọjá. Ìbàdí ṣì ń dùn mí.*


14.

Wọ́n fà á wọlé. Gu Wanzhen jó. Suqin jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ṣìnà nítorí ó ń retí Ọ̀RỌ̀. Ijó parí. Gu Wanzhen ní, “Ẹ ṣeun, mo ti rí i.”

Kí ló rí? Ta ló tó bi í?

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin, takisí dé sí títì òkè. Dewei gbé báàgì sí i. Suqin kó ọsàn sí i lọ́wọ́, kò kà á. Takisí ṣí. Bàbá ọlọ́sàn ní, “Àna yín nìyẹn?” Suqin ní kó má da òun láàmú.


15.

SUQIN sí YUHE

[Suqin ti gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà]

[Suqin ti gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà]

[Suqin ti gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà]

SUQIN: Ṣé o ti jẹun?

YUHE: Mo ti rí i kí ẹ tó gbà á padà, Màmá. Gbogbo ẹ̀.

YUHE: Ẹ má sọ fún mi pé kí n lọ mọ́. Mò ń sunkún níbi iṣẹ́.

YUHE: Mo ti jẹun.


2.

Mo mọ ibi tó yẹ kí eléyìí wà. Mo fi pamọ́ ni.

Ọkọ̀ ojú irin Suzhou ti lọ. Suqin ń ká bẹ́ẹ̀dì-ṣíìtì yàrá tó kọjú sí odò, kò fẹ́ fọ̀ ọ́, kò sì mọ ìdí tí kò fi fẹ́ fọ̀ ọ́. Fóònù dún. Gu Wanzhen ni. Kò kọ nǹkan kan. Àmì ibi tó wà ló fi ránṣẹ́.

Suqin fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́ lójú.

Ilé Ọlọ́sàn.

SUQIN: Màmá Boyan, ṣé ẹ gbàgbé nǹkan ni?

GU: Mo ti débí.

SUQIN: Títì òkè ni àbí etí odò?

*Gu Wanzhen ń kọ̀wé…*

*Gu Wanzhen ń kọ̀wé…*

“Bàbá Yuhe! Fi ayò yẹn sílẹ̀! Lọ wo títì òkè, èmi ń lọ sétí odò!”

Àwọn méjèèjì já sórí àtẹ̀gùn. Dewei yà ní àjà kọkànlá. Suqin ń lọ, bẹ́ẹ̀dì-ṣíìtì ṣì wà léjìká rẹ̀.

“Ọlọ́sàn nìkan ló wà níbí o!” Ohùn Dewei tẹ̀lé e wá látòkè.

Ó kọjá ibi tí wọ́n sá sọ́séèjì sí. Ó dúró. Báàgì kan ń gun àtẹ̀gùn bọ̀ nísàlẹ̀. Gbì. Ó sinmi. Gbì. Ó sinmi. Ó lè jẹ́ ẹlòmíràn. Ènìyàn pọ̀ nínú ilé náà.

Wọ́n ti kìlọ̀ fún un. Màmá Boyan ni kó máa pè é. Ó di irin àtẹ̀gùn mú, ó tẹ orí wo ìsàlẹ̀, kò rí ẹnì kan.

“Àna mi o! Ṣé ẹ̀yin nìyẹn?”

Báàgì dúró.