Rẹ̀mílẹ́kún Kò Fẹ́ Fò

Ojú ni kò jẹ́ kí Ọbáfẹ́mi di awakọ̀ òfuurufú. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni nígbà tó kúrò ní Ìlọrin lọ ṣe ìdánwò àwọn ọmọ ogun òfuurufú. Ó yege nínú ìwé, ó yege nínú eré sísá, ṣùgbọ́n dókítà ní ojú ọ̀tún rẹ̀ kò ríran tó. Ó gba kámú, ó kọ́ iṣẹ́ apòògùn, ó fẹ́ Fúnkẹ́ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, nígbà tó yá, wọ́n kó wá sí Amẹ́ríkà. Lithonia ni wọ́n ń gbé báyìí, lẹ́bàá Atlanta. Síbẹ̀, bí bàálù bá ń kọjá lókè ilé wọn, ọkùnrin yìí á dá ọ̀rọ̀ dúró, á gbójú sókè títí bàálù náà yóò fi wọnú ìkùukùu.

Rẹ̀mílẹ́kún ni àkọ́bí wọn. Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá, Uncle Bíyìí ní ṣọ́ọ̀ṣì sọ fún Ọbáfẹ́mi pé ẹgbẹ́ kan wà fún àwọn ọ̀dọ́, kádẹ́ẹ̀tì òfuurufú, pé àwọn ọmọ òun méjèèjì wà níbẹ̀, wọ́n sì ń gbé wọn fò lọ́fẹ̀ẹ́. Ọbáfẹ́mi kò jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ yẹn kọjá tó fi mú ọmọ rẹ̀ lọ.

Gbọ̀ngàn kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápákọ̀ òfuurufú kékeré ni wọ́n ti ń pàdé ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Tuesday. Olórí wọn ni Captain Bridget, obìnrin adúláwọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní ilé ẹ̀kọ́ lọ́sàn-án. Ìfẹ́ ló fi ń ṣe iṣẹ́ kádẹ́ẹ̀tì. Àwọn ọmọ á tò, wọ́n á yan bíi ṣọ́jà, wọ́n á sáré, wọ́n á sì kọ́ ohun tó ń mú kí irin tó wúwo tó bẹ́ẹ̀ dúró lófuurufú. Rẹ̀mílẹ́kún kì í nawọ́ sókè ní kíláàsì tẹ́lẹ̀, àfi kí olùkọ́ bẹ̀ ẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Láàárín oṣù mẹ́rin, ó ti ń pàṣẹ fún ọmọ méjìlá pé kí wọ́n yà sọ́tùn-ún, wọ́n sì ń yà. Fúnkẹ́ gbọ́ ohùn yẹn lọ́jọ́ kan tó wá gbé e, ó jókòó sínú ọkọ̀, ó la ẹnu sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ọjọ́ fífò dé. Ọbáfẹ́mi gba àyè níbi iṣẹ́. Awakọ̀ gbé Rẹ̀mílẹ́kún sí ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀ nínú bàálù kékeré kan, wọ́n gbéra, wọ́n sì yí òkè àpáta Stone Mountain po. Kí wọ́n tó yí i tán, òòyì ti ń kọ́ ọmọ náà. Ó bì sínú àpò tí wọ́n fún un, ó di ojú, ó ń gbàdúrà kí ilẹ̀ tètè dé. Nígbà tó sọ̀kalẹ̀, bàbá rẹ̀ wà níbi wáyà tí wọ́n fi ṣọgbà pápá náà, ó ń ju ọwọ́ bí ọmọdé.

"Awakọ̀ mi! Báwo ló ṣe rí?"

Rẹ̀mílẹ́kún wo ojú rẹ̀. "Ó dùn, Daddy."

Ọbáfẹ́mi ya fọ́tò rẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí gbogbo ará ṣọ́ọ̀ṣì.

Ẹ̀ẹ̀kejì burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ọmọ náà jẹ atalẹ̀, ó lo oògùn, èébì náà kò gbọ́. Captain Bridget bá a nílé ìgbọ̀nsẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n balẹ̀, níbi tó ti ń sunkún, tó ṣí omi ẹ̀rọ sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà gbọ́.

"Ta ló sọ fún ọ pé dandan ni kí o fò?" ni Captain wí.

"Daddy mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ohun mìíràn tí wọ́n fẹ́."

"Ìwọ ńkọ́? Kí lo fẹ́?"

Kò sí ẹni tó ti bi í rí. Ó ní òun fẹ́ràn máàpù àti rédíò tí àwọn kádẹ́ẹ̀tì fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Captain ní kó má ṣàníyàn, pé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan ń bọ̀ nínú igbó, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn kádẹ́ẹ̀tì bí wọ́n ṣe ń wá ẹni tó sọnù tàbí bàálù tó já lulẹ̀. Ó fún un ní ìwé kí òbí fọwọ́ sí, ó sì ní kó sọ òtítọ́ nílé.

Fúnkẹ́ ń múra àtilọ sí shift nígbà tí ìwé náà dé iwájú rẹ̀. Ó fọwọ́ sí i láì kà á já. Ọbáfẹ́mi béèrè pé, "Ṣé ti fífò ni?" Ọmọ náà ní, "Yes, sir."

Ní Saturday tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà bọ́ sí, bàbá yìí rò pé kí òun ya ọmọ náà lẹ́nu. Ó se ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù sínú páànù ńlá méjì, ó gbé e lọ sí pápákọ̀ òfuurufú fún gbogbo àwọn kádẹ́ẹ̀tì. Kò bá ẹnì kankan. Ọkùnrin tó ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe níbẹ̀ ní kò sẹ́ni tó ń fò lónìí, pé inú igbó lẹ́yìn ìlú Buford ni àwọn ọmọ wà. Ọbáfẹ́mi sáré wa ọkọ̀ lọ síbẹ̀, nítorí kò mọ ohun tó dé.

Captain Bridget rí i, ó fi ìka sẹ́nu. "Ẹ kú àbọ̀ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kàn máa wò ó."

Wọ́n ti gbé àpótí kékeré kan pamọ́ sínú igbó, tó ń fi ohùn ránṣẹ́ lórí rédíò bí ti bàálù tó já lulẹ̀. Rẹ̀mílẹ́kún ló di ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ọ mú, ó ń yí ara padà díẹ̀díẹ̀, àwọn mẹ́rin tẹ̀ lé e. Ọmọkùnrin kan sọ pé apá òsì ni ohùn náà ti ń wá.

"Rárá," ni Rẹ̀mílẹ́kún wí. "Òkè yẹn ló ń dá a padà. Ẹ tẹ̀ lé mi."

Ó sọ̀kalẹ̀ sínú kòtò, ó kọjá odò kékeré, ó sì bá àpótí náà lábẹ́ ewé. Kádẹ́ẹ̀tì kan tó ń jẹ́ Praise dùbúlẹ̀ níbẹ̀, ó ń ṣe bí ẹni tó ṣèṣe. Rẹ̀mílẹ́kún kúnlẹ̀ tì í, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Má bẹ̀rù. A ti rí ọ." Ohùn rẹ̀ tutù bí ti ìyá rẹ̀ ní ọsibítù. Ìgbà tó gbójú sókè ló rí bàbá rẹ̀.

Àwọn méjèèjì lọ jókòó sórí igi kan tó wó.

"O ní fífò ni."

"Mo parọ́, sà. I'm sorry." Omi lé sójú rẹ̀. "Mo máa ń bì, Daddy. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì. Ṣùgbọ́n ẹ wà níbi wáyà yẹn, inú yín ń dùn. Mi ò lè sọ ọ́."

Inú kọ́kọ́ bí Ọbáfẹ́mi. Lẹ́yìn náà ni ojú tì í.

"Nígbà tí wọ́n já mi ní ìdánwò," ó ní, "ilé ọ̀rẹ́ mi ni mo sá lọ fún ọjọ́ mẹ́ta. Bàbá mi ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé awakọ̀ òfuurufú ni mí. Ìgbà tí mo padà délé, bàbá mi ò bá mi sọ̀rọ̀ fún oṣù kan gbáko. Mo búra pé mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọmọ tèmi láéláé." Ó nu ojú rẹ̀. "Mo gbàgbé ni."

Rẹ̀mílẹ́kún fi orí lé èjìká rẹ̀.

"Irọ́ yẹn kò dára, mo sì máa gba fóònù rẹ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ṣùgbọ́n nípa fífò, o ò jẹ mí ní nǹkan kan. Báwo lo ṣe mọ̀ pé òkè ló ń dá ohùn padà?"

Ọmọ náà nu ojú, ó mú igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí yàwòrán fún un lórí ilẹ̀. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀ títí Captain fi wá béèrè ta ló ni ìrẹsì tó ń ta sánsán nínú ọkọ̀.

Ní Tuesday tó tẹ̀ lé e, Ọbáfẹ́mi gba fọ́ọ̀mù àwọn àgbà, nítorí ẹgbẹ́ náà ń wá àwọn tí yóò máa wa ọkọ̀ gbé àwọn ọmọ lọ sínú igbó. Nígbà ìrúwé, Rẹ̀mílẹ́kún gba báàjì àwọn tó ń wá ẹni tó sọnù. Ìyá Ọbáfẹ́mi pè láti Ìlọrin lálẹ́ ọjọ́ náà, ó ní ìgbà wo ni ọmọ-ọmọ òun yóò fi bàálù wá gbé òun.

"Màmá, kò ní wa bàálù mọ́," ni Ọbáfẹ́mi dáhùn. "Èèyàn ni yóò máa wá."

Ìyá náà ní òun kò gbọ́ dáadáa, kó tún un sọ. Ọbáfẹ́mi rẹ́rìn-ín, ó gbé fóònù náà fún ọmọ rẹ̀ pé kó fẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé.