Fóòmù Abẹ́ Sípíkà

Lójú ọkùnrin oníṣẹ́ àga tìmùtìmù kan, orin tí kò bá mi ògiri, ẹ̀tàn ni. Ìyá àgbà tó ń gbé ní yàrá ìsàlẹ̀ ilé wọn ti rojọ́ ariwo títí ẹnu rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Ìyàwó ọkùnrin náà pàápàá kì í gbè é lẹ́yìn. Ó ní orin yẹn máa ń fọ́ òun lórí.

Ní Sátidé kan, ọkùnrin náà gé fóòmù líle tó fi ń ṣe àga, ó gbé sípíkà lé e, ó sì sún un kúrò lára ògiri. Ó ní kí ìyàwó òun yí orin sókè dáadáa, kí òun lọ fi etí ara òun gbọ́ ọ nísàlẹ̀.

Ní yàrá ìyá àgbà, orin ọ̀hún kò dún ju ohùn ẹ̀fọn lọ. Inú ọkùnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dùn ni òkè àjà bá bẹ̀rẹ̀: gbì, gbì-gbì, gbì.

“O gbọ́ ọ báyìí?” ni ìyá àgbà wí. “Ohun tó ń dà mí láàmú nìyẹn, ọmọ mi. Bí o bá ti lọ síbi iṣẹ́ ló máa ń bẹ̀rẹ̀.”

Ọkùnrin náà tẹ́tí. Ẹsẹ̀ ni, ó sì ń bá ìlù lọ láìṣìnà. Ẹni tí orí ń fọ́ kì í jó báyẹn.

Ó gun òkè padà, ó wúkọ́ lẹ́nu ọ̀nà kó tó wọlé. Ìyàwó rẹ̀ ti jókòó, ó fọwọ́ ti iwájú orí, òógùn ń ṣàn lọ́rùn rẹ̀.

“Ṣé ariwo náà ti lọ sílẹ̀? Orí yìí fẹ́ pa mí.”

“Ó kù díẹ̀.”

Ó fa fóòmù tó kù jáde, ó tẹ́ ẹ sáàárín pálọ̀, níbi tí ààyè ijó wà. Lẹ́yìn náà ló ní òun gbàgbé nǹkan ní ṣọ́ọ̀bù, ó sì jáde.