Abẹ́ Bàtà Àwọn Ará Ilé Òkè

Ìyá Máàkì kì í fi iṣẹ́ ṣeré. Ọdún mọ́kànlá gbáko ló ti fi ń yẹ àwọn ilé ìtọ́jú àgbàlagbà wò fún ìjọba. Á ṣí fìríìjì, á fọwọ́ tẹ bẹ́ẹ̀dì, á gbóòórùn ìrọ̀rí, á wá jókòó kọ máàkì sínú fọ́ọ̀mù olójú-ewé méjìlá. Àwọn mẹ́trọ́ọ̀nù ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Bí wọ́n bá ti rí mọ́tò ẹ̀ ní géètì báyìí, wọ́n á máa ta ara wọn lólobó pé Ìyá Máàkì ti dé o, ẹ tètè palẹ̀ mọ́. Ó mọ̀ pé wọ́n ń pe òun bẹ́ẹ̀, kò sì dùn ún. Kí ló fẹ́ dùn ún níbẹ̀? Obìnrin náà mọ iṣẹ́ ẹ̀, ó sì mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n.

Nítorí náà, nígbà tó kan bàbá tó bí i lọ́mọ, kò bá ẹnikẹ́ni jíròrò. Bàbá ti pé ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin. Oníbàtà ni, ó sì lé ní àádọ́ta ọdún tó fi jókòó sórí àpótí kan náà, tó ń lẹ àtẹ́lẹ̀ bàtà, tó ń kan gìgísẹ̀. Orúnkún òsì ẹ̀ ti ń dà á láàmú. Ẹ̀ẹ̀mejì láàárín oṣù kan ló gbé ìkòkò ka gáàsì tó gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀ títí èéfín fi gba gbogbo ilé. Òun nìkan ló sì ń wà nílé láti àárọ̀ dalẹ́, torí ọmọ ẹ̀ wà lójú ọ̀nà, ó ń bá bàbá àwọn ẹlòmíì wo ibi tí wọ́n ń sùn.

"Bàbá, mo ti rí ilé tí ẹ máa gbé," ó sọ fún un láàárọ̀ ọjọ́ kan. "Ilé Òkè ni. Máàkì mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún ni mo fún wọn lọ́dún tó kọjá, kò sílé tó gbà tó bẹ́ẹ̀ rí lọ́wọ́ mi. Ó ti pé ọdún mẹ́ta báyìí, ẹyọ ẹnì kan ò ṣubú níbẹ̀."

Bàbá gbójú sókè. "Arúgbó mélòó ló wà níbẹ̀?"

"Ogójì."

"Ogójì arúgbó, ọdún mẹ́ta, kò sẹ́ni tó ṣubú." Ó tún un sọ jẹ́jẹ́, bíi pé ó ń wo awọ tí wọ́n fẹ́ tà fún un. "Èmi tí mo wà nínú yàrá mi níbí, mo ti ṣubú lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún yìí. Kò burú. Mú mi lọ kí n fojú ara mi rí i. Tó bá tẹ́ mi lọ́rùn, màá kó lọ, o ò ní gbọ́ ohùn mi. Tí kò bá tẹ́ mi lọ́rùn, wàá bá mi wá ibòmíì."

Ìyá Máàkì gbà kíá. Kí ló fẹ́ bà á lẹ́rù? Ilé tí òun fúnra òun ti yẹ̀ wò tinú tòde, kí ni oníbàtà fẹ́ rí níbẹ̀ tí òun ò rí?

Ilé Òkè rẹwà lóòótọ́, ẹ má jẹ́ ká purọ́ mọ́ wọn. Táìsì ilẹ̀ ń dán débi pé èèyàn lè rí eyín ara ẹ̀ níbẹ̀. Òdòdó wà lójú fèrèsé, òórùn ọṣẹ sì ń ta sánsán láti ẹnu ọ̀nà. Mẹ́trọ́ọ̀nù ibẹ̀, obìnrin gíga kan tí ohùn ẹ̀ rọ̀ bí òwú, mú wọn wọ pálọ̀ ńlá. Àwọn àgbà jókòó yí ògiri ká nínú àga tìmùtìmù, aṣọ fẹ́lẹ́ lórí itan wọn, irun wọn yíyà, èékánná wọn gígé. Tábìlì kékeré kan wà tí wọ́n fà mọ́ àyà ẹnì kọ̀ọ̀kan, ife omi wà lórí ẹ̀.

"Ẹ wo omi yẹn, Bàbá," Ìyá Máàkì ń sọ, inú ẹ̀ ń dùn bíi pé òun ló kọ́ ilé náà. "Ibi tọ́wọ́ ti lè tó o ni wọ́n gbé e sí. Àwọn ilé míì, orí kọ́bọ́ọ̀dù lókè lọ́hùn-ún ni. Ẹ wo èékánná wọn."

Bàbá ò wo omi, kò wo èékánná. Ó lọ dúró níwájú bàbá kan tó wọ bàtà pupa tó ń dán, ó kí i, wọ́n jọ béèrè àlàáfíà ara wọn. Ó wá di apá àga mú, ó rọra tẹ orúnkún burúkú yẹn, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rẹ́ mi, ẹ jẹ́ n wo abẹ́ bàtà yín."

Bàbá Oníbàtà Pupa gbé ẹsẹ̀. Abẹ́ bàtà náà mọ́ bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ọ́ nínú páálí. Bébà róbótó tí wọ́n tẹ nọ́ńbà bàtà sí ṣì lẹ̀ mọ́ ọn láàárín, etí ẹ̀ ò tíì ká rárá.

"Ìgbà wo lẹ ra bàtà yìí?"

"Ọmọ mi ló rà á lọ́jọ́ tó mú mi wá síbí. Ó ti lé lọ́dún méjì."

Bàbá bọ́ sọ́dọ̀ ìyá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó wo tiẹ̀ náà, ó wo ti ẹni kẹta, ó wò ó títí dórí ẹni keje. Mẹ́trọ́ọ̀nù fi ẹ̀rín bò ó. "Àbí dádì fẹ́ bá wa tún bàtà wọn ṣe ni?"

"Kò sí èyí tí mo fẹ́ tún ṣe níbẹ̀, mẹ́trọ́ọ̀nù. Wọn ò tíì lò ó." Bàbá di àga mú, ó dìde. "Wọ́n máa ń rìn?"

"Ah, a kì í jẹ́ kí wọ́n dààmú ara wọn o. Kẹ̀kẹ́ la fi ń tì wọ́n lọ síbi tí wọ́n bá ń lọ, tá a sì tún máa dá wọn padà sórí àga. Ìdí nìyẹn tẹ́nikẹ́ni ò fi ń ṣubú níbí." Ó yíjú sí Ìyá Máàkì bí ẹni tó ń retí kí wọ́n yìn ín.

Ogún nínú ogún ni Ìyá Máàkì ń fún wọn lójú ìlà yẹn lọ́dọọdún. Fọ́ọ̀mù béèrè iye àwọn tó ṣubú. Kò béèrè iye àwọn tó dìde, òun náà ò sì béèrè. Bàbá Oníbàtà Pupa sì ti di ọwọ́ Bàbá mú.

"Oníbàtà, ṣé ẹ rò pé ẹsẹ̀ mi ṣì lè gbé mi?"

"N ò lè mọ̀, ọ̀rẹ́ mi. Wọn ò tíì dán an wò."

Nínú mọ́tò, Ìyá Máàkì kọ́kọ́ bínú. "Bàbá, ẹ dójú tì mí lónìí."

"Èmi? Mo kàn wo bàtà ni."

Ó wa mọ́tò lọ díẹ̀, ó wá dá a dúró sẹ́bàá títì. Ojú tì í lóòótọ́, kì í sì í ṣe tìtorí Bàbá. "Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń wọ pálọ̀ yẹn," ó sọ. "Mi ò rí ẹnì kan tó ń rìn níbẹ̀ rí, mo sì ń pè é ní ìtọ́jú."

"O ti wá rí i báyìí," Bàbá fèsì. "Ilé wo ni wọ́n ti ń ṣubú dáadáa?"

Ilé kan wà lẹ́yìn ilé búrẹ́dì tí Ìyá Máàkì fún ní máàkì mọ́kànlélọ́gọ́ta. Èèyàn méje ló ṣubú níbẹ̀ lọ́dún kan, ìyẹn ló fi gé wọn ní máàkì. Ibẹ̀ ni wọ́n gbà lọ. Ọ̀dà ògiri ibẹ̀ ti ń ṣí. Mẹ́trọ́ọ̀nù wọn, obìnrin kúkúrú kan, rí Ìyá Máàkì ní ẹnu ọ̀nà, àyà ẹ̀ já.

"Ẹ ò sọ pé ẹ ń bọ̀, mà."

"Iṣẹ́ kọ́ ni mo bá wá. Bàbá mi nìyí."

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, òṣìṣẹ́ kan ń bá ìyá arúgbó kan rìn bọ̀, ó fọwọ́ gbá a mú nígbọ̀nwọ́, kò kánjú, kò fà á. Kí wọ́n tó rìn ín dé ìdajì, èèyàn ti lè mu tíì tán. Bàbá ní kí wọ́n dúró ná, ó wo abẹ́ sálúbàtà ìyá náà. Gìgísẹ̀ ọ̀tún ti jẹ dé awọ, yẹ̀pẹ̀ tútù sì wà létí ẹ̀. Ó wo ti ẹlòmíì, ìyẹn ti luhò. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ìyá Máàkì ti jókòó ti ìwé tí wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ àwọn tó ṣubú sí. Iye wọn nìkan ló máa ń kà tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ yìí, ó ka gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀: ibi tónítọ̀hún ti ń bọ̀, ohun tó gbé e ṣubú, irin tí wọ́n kàn mọ́ ògiri lọ́jọ́ kejì, kápẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ká kúrò. Kò sóhun tí wọ́n fi pa mọ́.

"Bàbá, wọ́n ń ṣubú níbí o," ó sọ, ẹ̀rù sì wà lóhùn ẹ̀. "Tí ẹ bá ṣubú ńkọ́?"

"A jẹ́ pé mo dìde nìyẹn. Lọ kó ẹrù mi wá."

Ìyá Máàkì ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe nǹkan láàbọ̀. Ọ̀sẹ̀ tí Bàbá kó lọ, ó kọ̀wé sí ọ̀gá ẹ̀ pé máàkì tí òun fún Ilé Òkè kò tọ̀nà, àṣìṣe òun ni, kí wọ́n jẹ́ kóun tún un yẹ̀ wò. Ọ̀gá ní ṣé ó dá a lójú, ó ní ó dá òun lójú ju ọjọ́ tóun kọ́kọ́ kọ ọ́ lọ. Ó gé wọn bọ́ sí méjìdínláàádọ́ta, ó sì fún wọn ní oṣù mẹ́ta kí wọ́n máa gbé àwọn èèyàn wọn dìde. Mẹ́trọ́ọ̀nù gíga sunkún, ó bẹ̀bẹ̀, nígbà tó yá ó gba ẹnì kan síṣẹ́ tó mọ̀ nípa eré ìdárayá.

Oṣù mẹ́ta pé. Ìyá Máàkì wà ní pálọ̀ Ilé Òkè, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ síwájú àga kan, nígbà tí fóònù ẹ̀ dún. Mẹ́trọ́ọ̀nù kúkúrú ni.

"Ẹ fara balẹ̀, mà. Bàbá ṣubú ní nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú sẹ́yìn. Ọwọ́ ni wọ́n fi gbára lé. Dókítà ti wò wọ́n, egungun kankan ò ṣẹ́, ọrùn ọwọ́ ló wú."

Kò rántí bó ṣe wa mọ́tò débẹ̀. Orí bẹ́ǹṣì lágbàlá ló ti bá Bàbá, báńdéèjì lọ́wọ́ òsì, tó ń wo géètì bí ẹni tí wọ́n jẹ́ kó dúró pẹ́. Omi bọ́ lójú Ìyá Máàkì, kò sì nù ún. Ó fọwọ́ kan báńdéèjì náà, ó kan ejìká ẹ̀, ó tún padà sórí báńdéèjì.

"Níbo lo ti ń sáré bọ̀ báyìí?" Bàbá béèrè.

"Ilé Òkè."

"Ọ̀rẹ́ mi oníbàtà pupa ńkọ́?"

"Ó ń rìn dé ẹnu ọ̀nà, á sì tún rìn padà. Mo gbé ẹsẹ̀ ẹ̀ wò." Ó fa imú. "Bébà yẹn ti ya kúrò lábẹ́ ẹ̀."

"Ó ya kúrò?"

"Ó ya kúrò pátápátá, Bàbá. Gáàmù ẹ̀ nìkan ló kù níbẹ̀."

Bàbá na ọwọ́ tó sàn sí ọmọ ẹ̀.

"Gbé mi dìde," ó sọ. "Mi ò tíì dé géètì nígbà tí mo ṣubú."